Ìwé Aránṣọ Tó Dorí Kodò

Bàbá Kékeré ló kọ́kọ́ rí i, nítorí pé òun ni ó ń di ìwé pọ̀ ní ilé ìtẹ̀wé náà. Aago mẹ́wàá àárọ̀ ti fi ìṣẹ́jú díẹ̀ kọjá. Ó ti to abala mẹ́rìnlélógún jọ, ó ti gbá etí wọn dọ́gba lórí tábìlì, ó sì ń ṣí wọn wò bí ẹni ń ṣílẹ̀kùn. Ó ṣí èkíní. Ó ṣí èkejì. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó dá a padà sójú. Lẹ́yìn náà ni ó rọra yí abala náà po, tí ó sì ń yí orí ara rẹ̀ tẹ̀lé e títí etí rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan èjìká.

“Àbíkẹ́yìn,” ó pè, pẹ̀lú ohùn pẹ̀lẹ́. “Wá ná. Àwọn aránṣọ wọ̀nyí, ṣé orí ni wọ́n fi ń dúró ránṣọ ni?”

Obìnrin tí ó ń pè ti pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, òun ló sì ga jù nínú ilé, ṣùgbọ́n òun ni bàbá rẹ̀ bí kẹ́yìn, orúkọ mìíràn kò sì lẹ̀ mọ́ ọn lára. Ó pa máṣíìnì, ó nu yíǹkì ọwọ́ rẹ̀ sára aṣọ iṣẹ́, ó wá wo ohun tí àbúrò bàbá rẹ̀ nà sí i. Níwájú abala náà, àwòrán bí a ṣe ń gé ọrùn ẹ̀wù dúró ṣánṣán. Lẹ́yìn rẹ̀, àlàyé bí a ṣe ń rán an dorí kodò. Ó mú òmíràn. Ó dorí kodò. Ó lọ sídìí òkìtì ìwé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó fa ọ̀kan yọ láàárín, ó fa ọ̀kan yọ nísàlẹ̀. Ọ̀ọ́dúnrún ìwé, abala mẹ́rìnlélógún nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, kò sí èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ bá iwájú rẹ̀ ṣọ̀rẹ́.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ kò lọ́jú pọ̀. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko, kàlẹ́ńdà ni wọ́n ń tẹ̀ ní ilé náà láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Ara ògiri ni kàlẹ́ńdà máa ń rọ̀ sí. Ẹni tó bá fẹ́ wo ẹ̀yìn rẹ̀ yóò gbé e sókè láti ìsàlẹ̀. Nítorí náà, bí òǹtẹ̀wé bá ti tẹ ojú kan tán, tí ó fẹ́ tẹ èkejì, ńṣe ni yóò da òkìtì ìwé náà délẹ̀ kí orí rẹ̀ lè bọ́ síbi ìdí. Ìwé kíkà kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n ń yí tirẹ̀ sí. Ọwọ́ kàlẹ́ńdà ni Àbíkẹ́yìn fi tẹ ìwé àwọn aránṣọ, ojú kàlẹ́ńdà ló sì fi yẹ̀ ẹ́ wò. Ní gbogbo ìgbà tí ó mú abala kan kúrò lẹ́nu máṣíìnì, ó gbé e sókè láti ìsàlẹ̀, ó rí i pé iwájú dúró dáadáa, ẹ̀yìn dúró dáadáa, ó sì ń bá iṣẹ́ lọ, ó tún ń kọrin sí i.

Bó bá jẹ́ iṣẹ́ mìíràn ni, ì bá rọrùn díẹ̀. Bàbá rẹ̀ ti pé ẹni àádọ́rin ọdún, ó sì ti sọ pé òun yóò fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní òpin oṣù. Àwọn ẹ̀gbọ́n Àbíkẹ́yìn mẹ́ta ti bá iṣẹ́ mìíràn lọ. Ọkùnrin oníṣòwò kan wà tó fẹ́ ra ilé ìtẹ̀wé náà kí ó fi ṣe ibi ìtajà fóònù. Ó ti wá lẹ́ẹ̀mejì pẹ̀lú téèpù ìwọnlẹ̀, ó ti wọn ibi tí máṣíìnì ńlá wà bí ẹni pé máṣíìnì náà kò sí níbẹ̀, ó sì ti ní òun yóò pè ní aago méjìlá ọ̀sán ọjọ́ yìí gan-an láti gbọ́ èsì.

Bàbá kò tíì sọ èsì fún ẹnikẹ́ni. Ohun tó sọ fún ọmọ rẹ̀ kò ju èyí lọ: “Ìwé àwọn aránṣọ yẹn, ìwọ ni kí o gbà á, ìwọ ni kí o tẹ̀ ẹ́, ìwọ ni kí o gbé e lé wọn lọ́wọ́. Mi ò ní fọwọ́ kàn án. Bí mo bá ti rí bí o ṣe ṣe é, màá mọ ohun tí màá sọ fún ọkùnrin yẹn.”

Ọ̀la ni ẹgbẹ́ aránṣọ máa pín ìwé náà fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ṣẹ́ tán. Irú bébà tí wọ́n fi tẹ̀ ẹ́ kò sí nílẹ̀ mọ́. Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ kí òmíràn tó dé.

Ìró ẹsẹ̀ bàbá rẹ̀ ń bọ̀ láti yàrá ẹ̀yìn. Ó dé, ó wo abala tó wà lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀, ó wo ojú ọmọ rẹ̀, ó sì fa àga kan sún mọ́ tábìlì.

“Ẹ pe Ìyá Àgbà,” ni ó wí.

Bàbá Kékeré ti mọ̀ pé ohun tó máa sọ nìyẹn. Ó ti ń palẹ̀ tábìlì mọ́.

Àṣà ilé náà ni. Ìyá Àgbà ló bí Bàbá àti Bàbá Kékeré, ọkọ rẹ̀ ló sì dá iṣẹ́ ìtẹ̀wé yìí sílẹ̀, nínú yàrá kan tí kò gbà ju ibùsùn méjì lọ, pẹ̀lú máṣíìnì kan tó jẹ́ pé ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́ kí ó tó ṣiṣẹ́. Ọkọ ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀, ìyàwó ń ṣa lẹ́tà onírin kọ̀ọ̀kan látinú àpótí, ó ń tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ọkùnrin náà gbóná bí ààrò. Ní ọdún kejì, iṣẹ́ kan bàjẹ́ lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀, ó sì ti lanu láti pariwo nígbà tí obìnrin náà ní, “Kí o tó bínú, sọ tìrẹ ná.” Ọkùnrin náà wá jẹ́wọ́ pé nígbà tí òun ń kọ́ṣẹ́, òun tẹ igba tíkẹ́ẹ̀tì fún eré kan, nọ́mbà àga kan náà ni òun sì tẹ̀ sára gbogbo wọn. Igba ènìyàn ló wá bá àga kan ṣoṣo. Kò tíì sọ ọ́ tán tí ẹ̀rín fi gbé e jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ìbínú sì ti bá ibòmíràn lọ.

Láti ọjọ́ náà, bí iṣẹ́ bá bàjẹ́ lọ́wọ́ ẹnìkan níbẹ̀, kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ bá a wí títí gbogbo àwọn yòókù yóò fi sọ èyí tó burú jù nínú tiwọn. Àṣà kejì tún wà pẹ̀lú rẹ̀: ẹni tó ba iṣẹ́ jẹ́ ni yóò fi ẹnu ara rẹ̀ sọ fún oníṣẹ́, kí oníṣẹ́ tó fojú rí i.

Ìyá Àgbà wọlé. Ó pé ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rùn-ún, ó sì ṣì ń ka gbogbo iṣẹ́ kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́, lẹ́bàá fèrèsé, pẹ̀lú rúlà lábẹ́ ìlà kọ̀ọ̀kan. Ó wò wọ́n yíká.

“Ta ni?”

“Èmi ni, mà,” ni Àbíkẹ́yìn dáhùn.

“Ó tó ọjọ́ mẹ́ta kan. Ẹsẹ̀ ti ń dùn mí nítorí pé n kò rẹ́rìn-ín.” Ó jókòó. “Ọdún kan wà tí mo to kàlẹ́ńdà fún ọ́fíìsì kan. Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta. Nínú oṣù kẹrin, láti Ọjọ́rú ni mo ti fò bọ́ sí Ọjọ́ Ẹtì. Ọkọ mi tẹ̀ ẹ́, kò rí i. Wọ́n gbé e rọ̀ sára ògiri, wọn ò rí i. Nígbà tí oṣù kẹrin dé, àwọn akọ̀wé ọ́fíìsì náà pàdé, wọ́n fẹnu kò pé níwọ̀n ìgbà tí kò ti sí Ọjọ́bọ̀, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wá síṣẹ́ ní Ọjọ́bọ̀. Ọ̀gá wọn fúnra rẹ̀ wá síbí. Ó ní òun fẹ́ rí ẹni tó fún àwọn òṣìṣẹ́ òun ní ìsinmi.”

“Kí ni ẹ wá sọ fún un?” ni Bàbá Kékeré bèèrè, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti gbọ́ ìtàn náà ju ogún ìgbà lọ.

“Mo ní ó kú àbẹ̀wò. Ìwọ ńkọ́? Sọ tìrẹ, má fi tèmi sá pamọ́.”

Bàbá Kékeré gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. “Ìgbìmọ̀ ilé ẹ̀kọ́ kan ya fọ́tò. Ọkùnrin mọ́kànlá, gbogbo wọn wọ kóòtù tuntun. Mo kó fọ́tò náà sábẹ́ ọ̀bẹ máṣíìnì, mo wọ̀n ọ́n, mo tún un wọ̀n, mo wá gé e. Kóòtù mọ́kànlá ló kù, táì mọ́kànlá, kò sí orí kan. Ọjọ́ tí a gbé e lọ, ńṣe ni wọ́n tò yí i ká, tí oníkálukú ń wá bàtà ara rẹ̀.”

“Akápò wọn nìkan ni kò rí tirẹ̀,” ni Bàbá wí.

“Bàtà àyálò ló wọ̀ lọ́jọ́ náà. Ẹ jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀ mi. Mo ti parí ẹ̀.”

Gbogbo ojú bọ́ sọ́dọ̀ Bàbá. Kì í ṣe ẹni tó ń fi ọ̀rọ̀ ṣòfò, ohùn kan náà tí ó fi ń ka iye bébà ló sì fi ń sọ ohun gbogbo.

“Ìwé méjì ni a tẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà,” ó ní. “Ọ̀kan kọ́ni bí a ṣe ń sin adìyẹ. Èkejì kọ́ ìyàwó bí yóò ṣe máa tọ́jú ọkọ. Mo lẹ èèpo ìwé ọkọ mọ́ ìwé adìyẹ. Ogójì ti jáde kí a tó mọ̀. Lẹ́yìn oṣù méjì, lẹ́tà kan dé láti ọwọ́ obìnrin kan. Ó ní òun ti gbìyànjú gbogbo ohun tó wà níbẹ̀. Ọkọ òun ti gbà láti máa jẹun ní aago kan náà lójoojúmọ́. Ó ti gbà láti máa wọlé kí ilẹ̀ tó ṣú. Ṣùgbọ́n ó kọ̀ jálẹ̀, ó ní òun ò ní sùn lórí igi.”

Ìyá Àgbà fi rúlà rẹ̀ lu tábìlì. Bàbá Kékeré ti dorí délẹ̀ sáàárín abala ìwé, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Àbíkẹ́yìn kò fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó di ẹ̀gbẹ́ ara rẹ̀ mú, ṣùgbọ́n ẹ̀rín já mọ́ ọn lọ́wọ́, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi dà lójú rẹ̀. Nígbà tí ó nù ún tán, iṣẹ́ tó bàjẹ́ ṣì wà lórí tábìlì, àmọ́ kò tún fẹ̀ tó bó ṣe fẹ̀ tẹ́lẹ̀.

“Ó yá,” ni Bàbá wí. “Kí lo fẹ́ ṣe?”

Bàbá Kékeré ló gbà á lẹ́nu rẹ̀. “Kí ni yóò tún ṣe? Kàlẹ́ńdà ló tẹ̀. Kí ó gbé e kọ́ bíi kàlẹ́ńdà.” Ó ń ṣe yẹ̀yẹ́ ni, ó sì mú abala mẹ́ta ní orí, ó gbé wọn sókè sí ara ògiri, ó ń fi ìka kan ṣí wọn láti ìsàlẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ó tún ṣí wọn. Iwájú dúró ṣánṣán. Ẹ̀yìn náà dúró ṣánṣán.

Àbíkẹ́yìn gba àwọn abala náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé wọn sókè fúnra rẹ̀. Bí wọ́n bá di ìwé náà ní orí dípò ẹ̀gbẹ́, kò sí ohun tó dorí kodò nínú rẹ̀.

“Ihò wáyà tí a fi ń di ìwé yóò jẹ nọ́mbà ojú ìwé tó wà lẹ́yìn,” ó ní. “Ẹ wò ó, ìsàlẹ̀ ni wọ́n wà.”

“Kí ó jẹ ẹ́,” ni Bàbá Kékeré wí. “A ó sọ fún wọn pé bí a ṣe ṣètò rẹ̀ nìyẹn. Ìwé aránṣọ tó ń rọ̀ sára ògiri. Àrà tuntun. Wọn yóò tún máa dúpẹ́.”

“Àṣà ilé ńkọ́?” ni Àbíkẹ́yìn bèèrè.

“Iṣẹ́ tó bàjẹ́ ni àṣà náà ń sọ. Ṣé eléyìí bàjẹ́? Wò ó dáadáa, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi. Ó ti yè.”

Àbíkẹ́yìn wo bàbá rẹ̀. Bàbá rẹ̀ tẹjú mọ́ fáànù òkè àjà bí ẹni tí wọ́n ní kó ka iye ìgbà tó ń yí. Àbíkẹ́yìn mọ̀ pé kò ní ran òun lọ́wọ́. Ó wo Ìyá Àgbà. Ìyẹn ń fi àtàǹpàkò nu rúlà.

“Bàbá Kékeré,” ó sọ níkẹyìn, “bí mo bá sọ pé mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é, wọn yóò ní kí n tún un ṣe lọ́dún tó ń bọ̀. Títí ayé ni màá máa mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi di ẹyọ kan ní orí. Ẹ má fọwọ́ kan èyí tó kù títí n ó fi dé.”

Ó kó ìwé tí wọ́n dì àti abala díẹ̀ tí wọn kò tíì dì sínú àpò, ó sì jáde.

Ṣọ́ọ̀bù alága ẹgbẹ́ aránṣọ wà ní òpópónà kẹta. Obìnrin tó sanra ni, ahọ́n rẹ̀ mú ju sísọ́ọ̀sì rẹ̀ lọ, gbogbo àdúgbò ló sì mọ̀. Téèpù wà lọ́rùn rẹ̀, ó kúnlẹ̀ sídìí ère igi kan tí wọ́n wọ ẹ̀wù fún, ó ń ká etí ẹ̀wù náà, ẹnu rẹ̀ sì kún fún píìnì. Ó ṣẹ́jú sí Àbíkẹ́yìn pé kí ó jókòó.

Àbíkẹ́yìn kò jókòó. “Ẹ kú iṣẹ́, mà. Mo ti ba ìwé yín jẹ́.”

Ojú alága là. Ẹnu rẹ̀ kò lè là.

“Kàlẹ́ńdà ni mo ti ń tẹ̀ bọ̀, mà, ọwọ́ mi sì ti mọ́ ọn. Bí wọ́n ṣe ń da kàlẹ́ńdà délẹ̀ ni mo ṣe da tiyín délẹ̀. Gbogbo ẹ̀yìn ló dorí kodò, nínú ọ̀ọ́dúnrún ìwé náà pátá. Kì í ṣe máṣíìnì, kì í ṣe iná, èmi ni. Ohun méjì ni mo lè ṣe. Mo lè tún un tẹ̀ láìgba ohunkóhun lọ́wọ́ yín, ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni yóò tó yá. Tàbí kí a di í ní orí, kí ó máa rọ̀ sára ògiri. Bí a bá ṣe bẹ́ẹ̀, nọ́mbà tó wà lẹ́yìn kò ní sí mọ́. Ẹ̀yin lẹ máa sọ èyí tí ẹ fẹ́.”

Alága dìde. Ó yọ píìnì kan lẹ́nu, ó gún un mọ́ tìmùtìmù kékeré tó so mọ́ ọrùn ọwọ́ rẹ̀. Ó yọ èkejì. Kò kánjú. Mẹ́sàn-án ni wọ́n, Àbíkẹ́yìn sì ka gbogbo wọn. Nígbà tí ìkẹsàn-án kúrò, ó na ọwọ́.

“Mú un wá kí n rí i.”

Ó kọ́kọ́ wo àwọn abala tí wọn kò tíì dì, ó yí wọn síwá sẹ́yìn, ó mí kanlẹ̀. Lẹ́yìn náà ló gba èyí tí wọ́n dì. Ó wo ògiri tó wà níwájú máṣíìnì ìránṣọ rẹ̀, ó rí ìṣó kan tí kàlẹ́ńdà ọdún tó kọjá wà lórí rẹ̀, ó ká kàlẹ́ńdà náà kúrò, ó fi ìwé náà kọ́. Ó jókòó sídìí máṣíìnì. Ó ti aṣọ bọ abẹ́ abẹ́rẹ́, ó fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú, ó ń rán an lọ, ojú rẹ̀ ń lọ sára ògiri, ó ń padà. Nígbà tí ó fẹ́ wo ẹ̀yìn, ẹ̀yìn ọwọ́ ló fi gbá a sókè, ọwọ́ kejì kò kúrò lára aṣọ.

“Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n,” ó ní, kò sì yíjú padà. “Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo ti ń gbé ìwé sórí tábìlì yìí, tí ó ń pa ara rẹ̀ dé. Màá fi sísọ́ọ̀sì tẹ̀ ẹ́. Tí mo bá wá fẹ́ gé òwú, màá máa wá sísọ́ọ̀sì kiri ilé.” Ó dá máṣíìnì dúró. “Ta ló ń wo nọ́mbà ẹ̀yìn? Àwòrán la máa ń wá, nọ́mbà iwájú ti tó. Ṣùgbọ́n yóò máa kákò. Fi páálí líle sí i lẹ́yìn.”

“Màá fi sí i, mà.”

“Ta ló rán ọ wá sọ fún mi?”

“Kò sẹ́ni tó rán mi, mà.”

“Ká ní o kàn gbé e wá, tí o ní àrà tí o dá ni, ǹ bá gbà ọ́ gbọ́. Ǹ bá tún yìn ọ́.”

“Mo mọ̀, mà.”

Alága wò ó láti òkè délẹ̀, bí ẹni tó ń wọn aṣọ láìlo téèpù. “Mo rán ṣòkòtò ìgbéyàwó kan rí,” ó ní. “Ẹ̀yìn ni mo rán síìpù sí. Ọkọ ìyàwó fi odidi ọjọ́ náà fẹ̀yìn ti ògiri. Máa lọ, kí ẹ lè tètè parí rẹ̀. Kí o má sì sọ ọ̀rọ̀ síìpù yẹn fún ẹnikẹ́ni.”

Àbíkẹ́yìn rìn dé ìdajì ọ̀nà, ó sáré ìdajì tó kù. Aago méjìlá ku ìṣẹ́jú mẹ́fà nígbà tí ó wọlé. Bàbá Kékeré jókòó sídìí máṣíìnì tí wọ́n fi ń lu ihò, apá rẹ̀ ká mọ́ àyà, abala kan kò sì kúrò níbi tó wà. Bàbá wà lẹ́bàá fóònù.

“Ó gbà á,” ni Àbíkẹ́yìn wí. “Ó ní ká fi páálí sí i lẹ́yìn.”

Bàbá Kékeré ti fa òkìtì kìíní sọ́dọ̀ kí ó tó sọ̀rọ̀ tán.

“Ṣé o sọ fún un kí o tó fi hàn án?” ni Bàbá bèèrè.

“Mo sọ gbogbo rẹ̀ tán, sà. Píìnì ló kún ẹnu rẹ̀. Kò rí ibi dá mi dúró.”

Ìyá Àgbà rẹ́rìn-ín lẹ́bàá fèrèsé. Bàbá kò rẹ́rìn-ín, àmọ́ ó yọ awò ojú rẹ̀, ó sì fi ọwọ́ pa ojú rẹ̀ méjèèjì pẹ́ díẹ̀.

Fóònù dún. Ó jẹ́ kí ó dún lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó gbé e.

“Ẹ kú ọ̀sán,” ó ní. “Bẹ́ẹ̀ ni. Rárá, ẹ dúró ná, èmi kọ́ ni ẹ máa bá sọ ọ́. Ẹ bá ẹni tó ni ibí sọ̀rọ̀.”

Ó na fóònù náà sí ọmọ rẹ̀.

Yíǹkì ṣì wà lábẹ́ èékánná Àbíkẹ́yìn. Ó gba fóònù, ó gbé e sétí, ó gbọ́ ohùn ọkùnrin oníṣòwò náà tó ń bèèrè ohun tí wọ́n ti pinnu. Bàbá Kékeré dá ọwọ́ dúró lórí máṣíìnì láti gbọ́.

“Ẹ kú ọ̀sán, sà,” ó ní. “A dúpẹ́ pé ẹ pè. A kò tà á.” Ó fetí sílẹ̀ díẹ̀. “Rárá, sà, kì í ṣe ọ̀rọ̀ pé kí ẹ fi kún un. Ṣùgbọ́n níbikíbi tí ẹ bá wá rí ṣọ́ọ̀bù yín sí, ẹ máa nílò ìwé ìkéde tí ẹ ó pín fún àwọn ará àdúgbò, àbí? A máa ń tẹ̀ ẹ́, ó sì máa ń dára. Bí a bá sì bà á jẹ́, àwa la máa kọ́kọ́ sọ fún yín.”

Ó tún fetí sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó fi ọwọ́ òsì wá pẹ́ńsù lórí tábìlì. Bàbá rẹ̀ fi ọ̀kan lé e lọ́wọ́.

“Ẹgbẹ̀rún kan,” ni Àbíkẹ́yìn wí, ó sì ń kọ ọ́ sílẹ̀. “Ojú kan ni àbí méjì, sà?”